Bí fíìmù bá tán, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn fèsì

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti rọ ìjọba pé kí wọ́n fòfin de àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé fíìmù káàkiri àdúgbò Ìbàdàn lálẹ́. Ó ní fíìmù wọn kì í ṣe eré, pé ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ló kún inú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti wò ó tán, ńṣe ni àwọn ọmọdé ń dìde sọ̀rọ̀ níṣojú àgbà, tí àwọn obìnrin sì ń tú àṣírí ilé síta. Ó ní ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, torí ó hàn pé àlàáfíà ìlú jẹ ẹ́ lógún. Ṣùgbọ́n mo wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Kúdẹtì, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹun nídìí iṣẹ́ sinimá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà.

Ní ọdún 1974 ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìròyìn, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó pín wa sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976. Ìdí mọ́tò sinimá ni wọ́n fi mí sí. Àwọn tí irun wọn ti ń funfun yóò rántí mọ́tò náà: gbohùngbohùn lórí, jẹnẹrétọ̀ nínú, àti aṣọ funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí a máa ń ta sáàárín igi méjì. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1939 ni wọ́n dá ẹ̀ka tí ń ya fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì pẹ́ tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìgbèríko lọ. Nígbà tí òmìnira dé, ìjọba tiwa jogún rẹ̀. Èdè òyìnbó ni fíìmù náà sábà máa ń sọ. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n di ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ mú, kí n máa tú u sí Yorùbá bó ti ń lọ. Mo ti fi ohùn mi kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń fín kòkó, mo ti fi pe àwọn ìyá ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo ti fi kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Bí a bá wọ abúlé nírọ̀lẹ́, tí mo fi àwo orin sí i, àwọn ọmọdé á ti sáré jáde, àwọn àgbà á máa gbé àpótí ìjókòó bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀. Bí fíìmù bá ti tán, iṣẹ́ wa tán. Fọ́ọ̀mù kan wà tí a gbọ́dọ̀ kún kí a tó padà sílé: orúkọ abúlé, iye èèyàn tó wá wòran, iye epo tí a lò. Kò sí ìlà kankan nínú fọ́ọ̀mù náà tí a lè kọ ohun tí àwọn èèyàn sọ sí.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ń gbógun ti sòbìà, a gbé fíìmù lọ sí abúlé kan ní Ìbàràpá. Fíìmù náà ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, torí inú omi ni ohun tó ń di sòbìà lára èèyàn wà. Bí mo ti sọ gbólóhùn ìkẹyìn, bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dìde láàárín èrò. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ ní ká máa sẹ́ omi odò, a ó máa sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló fi wá sílẹ̀ sídìí omi odò láti ọjọ́ tó ti pẹ́ yìí? Kànga tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbẹ́ fún wa ńkọ́?” Gbogbo èrò ní, “Hẹn-ẹn!” Ọ̀gá mi ti pa jẹnẹrétọ̀, awakọ̀ sì ti ń ká wáyà. Nígbà tí a jókòó sínú mọ́tò, mo kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà sẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, a dúpẹ́. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Aṣọ ìsẹ́mi wà lára ohun tó lé e lọ, omi tó mọ́ náà sì wà lára rẹ̀. Ohun tí bàbá yẹn béèrè tọ̀nà. A kàn kúrò níbẹ̀ láìdá a lóhùn ni.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yìí ń ṣe lónìí yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti ń lọ, torí ó jọ pé ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn kò tíì jókòó níbẹ̀ rí. Inú agbo ilé kan ní Kúdẹtì la máa ń lò, ní gbàgede tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó. A kì í bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi kírun Ìṣáà tán, tí àwọn ìyàwó ilé yóò sì ti gbé oúnjẹ alẹ́ kúrò lórí iná. Pùròjẹ́tọ̀ òde òní kò ju páálí bàtà lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tí a lò nígbà tiwa, ọkùnrin méjì ní ń gbé e. Télọ̀ kan ládùúgbò ló bá wa rán aṣọ funfun. Bí NEPA bá mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀ tí a yá. Fíìmù náà kì í pẹ́, ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n. Ìtàn gidi ni, ti ẹni gidi, tí wọ́n yà níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Bó bá jẹ́ èdè òyìnbó ló ń sọ, èmi ni mo ń tú u, ohùn mi kò tíì rẹ̀. Nígbà míì mo máa ń ní kí wọ́n dá a dúró láàárín, kí n bi àwọn tó jókòó pé, “Ẹ̀yin ìyá, ṣé bó ti ń rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyí?” Bó bá sì tán, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n tètè tan iná. Mo ti rí i pé àwọn obìnrin máa ń sọ tinú wọn bí òkùnkùn bá ṣì ṣú díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gùn ju fíìmù lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì ló ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan. Ó pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: ohun tí a gbọ́, ibi tó yẹ kó dé, ẹni tí yóò gbé e débẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà ní apá kẹta gbọ́dọ̀ wá jíṣẹ́ ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e. Olóòtú, ìwé ńlá yẹn ni mo ń torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá gba pùròjẹ́tọ̀ lọ́wọ́ wa tí ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀, ìdajì ìrora ni ẹ dá sí wa lára.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omíyalé. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tó tó mi lọ́jọ́ orí tí kò ní ohun tí yóò sọ nípa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya, ẹ̀mí tó lọ lé ní ọgọ́rùn-ún, afárá sì wó káàkiri. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àtikápá omíyalé ní Ìbàdàn. Láàárín gbogbo èyí, ìkìlọ̀ tí à ń gbọ́ lórí rédíò kò yí padà: ẹ má da ilẹ̀ sódò, ẹ má da ilẹ̀ sódò.

Àwọn ọ̀dọ́ wa fi fóònù ya fíìmù tiwọn létí odò Kúdẹtì, láti ibi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé ibi tí ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún lórí. Ní alẹ́ tí a fi í hàn, ìyá kan tí ń ta ata dìde. Ó ní, “Òótọ́ ni pé à ń da ilẹ̀ sódò. Èmi tí mo dúró yìí ti dà á rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bú wa, ọ̀nà wo ni mọ́tò akólẹ̀ ń gbà dé ẹnu ilé mi?” Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Kúdẹtì, Bẹẹrẹ, Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ àti Ọjà-Ọba, ẹ mọ ohun tí ìyá ń sọ. Àwọn baba wa kọ́lé kí mọ́tò tó dé. Ògiri kan ògiri, ẹsẹ̀ nìkan ló lè gba àárín wọn. Ẹni tó ń gbé ní Bódìjà tàbí Jẹ́ríkọ̀ lè gbé ike ìdọ̀tí síwájú géètì kí mọ́tò wá bá a níbẹ̀. Tiwa, orí la ó fi rù ú títí dé ojú títì. Bí a bá débẹ̀ tí kò sí ibi tí a ó dà á sí, a ó rù ú padà sílé. Bí alẹ́ bá sì lẹ́, odò ló súnmọ́ jù.

Ọkùnrin káfíńtà kan sọ tirẹ̀. Ó ní wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí bàbá òun kọ́ pé ó súnmọ́ odò jù. Ó ní kí a jọ lọ wo ilé ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lápá òkè odò kan náà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú omi, bí a ó bá rí ẹ̀kán ọ̀dà kan lára rẹ̀. A lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Kò sí.

Láti orí ọ̀rọ̀ ọ̀bùn la ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìrẹ́jẹ la sì bá a dé. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìyá kan àti ọ̀dọ́ méjì gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ “ẹ lọ, ẹ padà wá,” wọ́n gbé àgbá ìdalẹ̀sí ńlá kan sí etí títì. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wá kó o, àwa náà kò sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé tó wà lókè odò kò tíì ní èsì títí di òní. Ó ṣì wà nínú ìwé, orúkọ ẹni tó ń lépa rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ tí mo rò pé ó bí àwọn kan nínú jù ni alẹ́ tí a sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Fíìmù ọjọ́ náà dá lórí àwọn tó wà látìmọ́lé láìtíì rí ojú adájọ́. A pe lọ́yà ọ̀dọ́mọdé kan wá, ọmọ àdúgbò ni, ó sì bá wọn sọ Yorùbá tó yé tèwe tàgbà. Ó ní òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò ẹni tí wọ́n ń wá, pé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá ṣẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyá rẹ̀. Ó ní a kì í sanwó béèlì.

Kò tíì jókòó tí obìnrin kan fi bú sẹ́kún lápá ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ ló jà níta, tó sì sá lọ. Òun ni wọ́n wá mú. Ó sùn sẹ́yìn káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, ẹ̀rọ ìlọta tó fi ń jẹun ni wọ́n sì tà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò rò pé ó lọ sóde òkú ni nígbà yẹn, torí ohun tó ní kí wọ́n máa sọ nìyẹn. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọkùnrin kan ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó òun. Òmíràn ní ìyá òun ni. Ojúlé kan sí ojúlé kejì ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń gbé, wọ́n jọ ń pọn omi, wọ́n jọ ń ṣe àríyá, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ẹnìkan sọ fún ẹnìkejì. Kálukú rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ bá. Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú èrò tó pọ̀ ju ìyẹn lọ láyé mi, mi ò tíì rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e. Lọ́yà náà gba orúkọ wọn sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé ibi tí wọ́n lè fi ẹ̀sùn sùn, àti pé àjọ ìjọba kan wà, Legal Aid Council, tí ń gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn kan nínú olóyè ẹgbẹ́ onílé ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ní à ń fa ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá wọ àdúgbò, kí a má ṣe é mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, torí àwọn míì dàgbà jù mí lọ, mo sì sọ fún wọn pé obìnrin yẹn ti ta ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ kí a tó fi fíìmù kankan hàn.

Àwọn míì kò bínú sí wa, wọ́n kàn gbà pé ariwo lásán ni, pé fíìmù kì í yí ohunkóhun padà. Irọ́ ni. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2018, BBC gbé fíìmù kan jáde lórí bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń fi oògùn ikọ́ olómi tó ní kòdíìnì ba ara wọn jẹ́, àti bí àwọn tó ń ṣe é ti ń tà á lábẹ́lẹ̀. Kò tó ọjọ́ méjì tí Mínísítà Ètò Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, tó ti jẹ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn rí, fi pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe é mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọ̀lú mọ́.

A fi fíìmù náà han àwọn òbí ní Kúdẹtì, ó sì dára tí a fi í hàn lẹ́yìn tí àṣẹ ti jáde. Àwọn àgbà ti ń wàásù, wọ́n ń ṣépè fún àwọn tó ń mu ún, nígbà tí ọmọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì dìde, ó fa fìlà bojú. Ó ní, “Ẹ ti dá kòdíìnì dúró, ẹ ṣeun. A bọ́ sórí tíràmádọ̀. Nígbà tí ìyẹn wọ́n, a bọ́ sórí gọ́tà, àwọn oògùn tí a pò pọ̀. Ẹ̀yin bàbá, a jí láàárọ̀, kò síṣẹ́, kí lẹ fẹ́ ká fi ojúmọ́ ṣe?” Àwọn tó ń wàásù jókòó. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dá lórí iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó lè kọ́ṣẹ́, àti iye tí wọ́n tún ń gbà kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Wẹ́dà kan ní òun yóò gba ọmọ méjì láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀kan ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èkejì ti sá lọ.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ní ọ̀rọ̀ gbangba ní ń dá ìjà sílẹ̀. Ìtàn ìlú yìí kò jẹ́rìí sí i. Mo ti ń gba ọmọdékùnrin lọ nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ya wọ Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, tí wọ́n lọ sí Mápó, tí wọ́n ń kọrin pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn yóò san, àwọn kò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ́kọ̀yà, bí a ti ń pe ìjà àwọn àgbẹ̀ náà, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Owó orí wúwo, owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn agbowó-orí ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n wí, wọ́n wí, kò síbi tí ọ̀rọ̀ wọn lè dé. Ó di 1969 kí Awólọ́wọ̀ tó lọ bá Táfà Adéoyè, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀mí ti ṣòfò kí wọ́n tó jókòó gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ náà ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti pé ọmọdé ń sọ̀rọ̀ níṣojú àgbà, mo jẹ́ àgbà, mo sì wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó rí mi fín. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní “ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin bàbá wa,” wọ́n sì sọ òótọ́ tó ń dun èèyàn. Ó ti pẹ́ tí à ń fẹ́ kí ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ ilé bẹ́ẹ̀.

Èyí kò ní kí n máa gbè sẹ́yìn gbogbo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń ṣe káàkiri ìlú. Àwọn kan ń gbé fóònù sókè bí èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ojú obìnrin tó ń sunkún ti wà lórí WhatsApp. Ìwà ìkà ni. Lọ́dọ̀ tiwa, bí fíìmù bá ti tán, gbogbo fóònù á wọ àpò, ẹni tí kò bá fẹ́, ilé yá. Àwọn míì ń gba owó lọ́wọ́ olóṣèlú, àwòrán rẹ̀ á wà lára aṣọ sinimá, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun náà ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mọ́tò sinimá tí mo ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ìyẹn tún dà. Bí káńsẹ́lọ̀ bá wá sọ́dọ̀ wa, a kí i káàbọ̀, a fún un ní ìjókòó láàárín àwọn èèyàn, òun ni yóò sì sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ gbogbo wa. Mo tún ti bá àwọn tó ń ya fíìmù jà lórí yíya àwòrán ilé àwọn tálákà láìtọrọ àyè. Bí ẹ bá ya fíìmù nínú ilé ìyá kan, ìyá náà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i, kó sì lè sọ pé kí ẹ yọ ibì kan kúrò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn, kò sì sí wọ́ọ̀dù tí kò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣófo lálẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí àdúgbò tó bá kọ̀wé béèrè máa lo yàrá ìkàwé kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù láìsanwó, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì máa wá jókòó gbọ́: akólẹ̀, elétò ìlera, ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Abala 39 àti 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ àti láti péjọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ fíìmù ni, àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ti wà láti 1993, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa, a ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó ilé la fẹ́ gbé wá lóṣù tó ń bọ̀: owó ọdún méjì tí wọ́n ń béèrè lẹ́ẹ̀kan, owó ejẹ́ǹtì, owó àdéhùn, àti bí wọ́n ti ń kó ẹrù èèyàn síta láìfún un ní ìwé. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì, àwọn ayálégbé sì ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kí àwọn onílé wà níbẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn onílé náà ní ẹjọ́ tiwọn lórí ayálégbé tí kì í sanwó àti lórí iye tí sìmẹ́ǹtì dà lónìí. Mo ti lọ kan ilẹ̀kùn àwọn kan nínú wọn. Bàbá kan ti gbà láti wá, ó ní kí a jẹ́ kí òun sọ tẹnu òun tán. Ìwé tí a kọ láti béèrè yàrá ìkàwé ti wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun náà ti ní òun kò ní kọ̀. Ìbuwọ́lù ìjọba ìbílẹ̀ ló kù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Bàbá Onísinimá,
Kúdẹtì, Ìbàdàn.